Kọ́kọ́rọ́ Ilé Ìkàwé: Ọ̀rọ̀ Tí A Sọ Níbi Ìpàdé Ọdọọdún Ẹgbẹ́ Wa

Ẹgbẹ́ ní kí a sọ̀rọ̀ lórí bí a ó ti ṣe é tí àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ wa yóò fi fẹ́ràn ìwé kíkà. Ọ̀rọ̀ náà ní ìtìjú díẹ̀ nínú, ìtìjú náà ni a ó sì kọ́kọ́ sọ.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, àwọn ọmọ wa tí ń bẹ ní ìlú òyìnbó kó ìwé jọ fún àwọn ọmọ ilé. Wọ́n dá owó, wọ́n di ìwé sínú páálí, wọ́n sì san owó ọkọ̀. Nígbà tí ìwé dé, a péjọ, a gbàdúrà, a ya fọ́tò, a jẹ, a mu. A kó àwọn ìwé náà sí yàrá kan ní ilé ẹ̀kọ́ kan tí a kò ní dárúkọ, a ti ilẹ̀kùn, a sì fi kọ́kọ́rọ́ lé ẹnìkan lọ́wọ́ pé kí ó tọ́jú rẹ̀ dáradára. Ó tọ́jú rẹ̀ dáradára ní tòótọ́. Nígbà tí àwa tí ẹgbẹ́ fi ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ sí lọ́wọ́ padà lọ wò ó, ikán ti jẹ páálí mẹ́ta láti ìsàlẹ̀ wá. Àwọn ìwé tí ó kù sì ń dán bí ọjọ́ tí wọ́n kúrò lọ́dọ̀ ẹni tí ó tẹ̀ wọ́n. Kò sí àmì ìka ọmọ kan lára wọn. A bi ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ léèrè ìdí, ó ní òun kò fẹ́ kí àwọn ọmọ ba ìwé jẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe bú u. Àwa gan-an kò sọ fún un pé kí ó ṣí ilẹ̀kùn. Kò sí ẹnìkan nínú wa tí ó béèrè ọjọ́ tí àwọn ọmọ yóò máa wá, ẹni tí yóò máa dúró dè wọ́n, tàbí ohun tí wọn yóò ṣe nígbà tí wọ́n bá dé. Yàrá tí ó kún fún ìwé, tí ọmọdé kò sì lè wọ̀, àká ni. Kò tíì di ilé ìkàwé.

Kì í ṣe pé àwa ará ìhín kò mọ iyì ẹ̀kọ́. Ní 1949 ni Molusi College bẹ̀rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó, Stephen Olúwọlé Awókòyà, ọmọ Àwa-Ìjẹ̀bú, ni ó sì jẹ́ ọ̀gá àkọ́kọ́ níbẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ó ti lọ di Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní 1952, òun ni ó sì gbé ìwé ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ síwájú ilé ìgbìmọ̀ ní ọdún kan náà. Táí Ṣólàrín ni ó gba ipò ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà lẹ́yìn rẹ̀, kí ó tó lọ dá Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní oṣù January 1956. Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ní ọjọ́ 17 oṣù January 1955, àwọn ọmọ tí ó wọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní ọdún náà lé ní 800,000. Ní ọjọ́ 7 oṣù July 1982, a dá Yunifásítì sílẹ̀ ní Àgọ́-Ìwòyè, èyí tí à ń pè ní Olabisi Onabanjo University láti 2001. Láti orí A B D títí dé orí oyè ọ̀mọ̀wé, ọmọ wa lè kàwé láìsun ilé àlejò.

Ṣùgbọ́n kíkọ́ ọmọ ní ìwé kíkà jẹ́ ohun kan, fífún un ní ohun tí yóò máa kà jẹ́ ohun mìíràn. Henry Townsend, òjíṣẹ́ CMS, mọ èyí ní Abẹ́òkúta ní ọjọ́ tí ó ti pẹ́. Ní oṣù December 1859 ni ó bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá, tí wọ́n ń tà ní 120 owó ẹyọ, nítorí ó fẹ́ kí àwọn tí ó ti mọ ìwé ní àṣà wíwá ìmọ̀ nínú ìwé kíkà. Lónìí, ìwé tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa mọ̀ ni ìwé ìdánwò. Bí ìdánwò bá ti tán, ìwé náà tán. Ẹni tí ó bá ṣiyè méjì, kí ó wo bébà tí wọ́n fi wé àkàrà tí ó bá rà ní ọ̀la. Ó lè bá ìṣirò ọmọ aládùúgbò rẹ̀ níbẹ̀.

A wádìí ohun tí àwọn ẹlòmíràn ṣe. Gbogbo ènìyàn ni ó mọ orúkọ Andrew Carnegie, olówó Amẹ́ríkà tí ó kọ́ ilé ìkàwé tí ó lé ní 2,500 káàkiri ayé. Ohun tí a kò sábà rántí ni bí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tálákà ni, àwọn òbí rẹ̀ mú un ti Scotland wá sí Allegheny ní 1848, ó sì ń jẹ́ iṣẹ́ kiri fún ilé iṣẹ́ wáyà. Ní ìlú náà, ọ̀gágun kan tí ń jẹ́ James Anderson ní ìwé bí 400 nínú ilé rẹ̀. Ní ọjọọjọ́ Sátidé, ó ń ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn ọmọkùnrin tí ń ṣiṣẹ́, kí olúkúlùkù mú ìwé kan lọ sílé, kí ó dá a padà ní Sátidé kejì kí ó sì mú òmíràn. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí wọ́n yọ àwọn ọmọ bíi Carnegie kúrò nínú ètò náà, ọmọ náà kọ ìwé sí oníwèé ìròyìn láti fi ẹ̀hónú hàn, wọ́n sì gbà á wọlé. Ẹ wo iye ìwé náà: 400 péré. Ìwé tí ikán jẹ mọ́ wa lọ́wọ́ kò kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ Sátidé tí kì í yẹ̀ ni a kò ní.

Àpẹẹrẹ kejì sún mọ́ wa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Accra, ní nǹkan bí 1990, obìnrin ará Kánádà kan, Kathy Knowles, bẹ̀rẹ̀ sí ka ìwé ìtàn fún àwọn ọmọ rẹ̀ àti ọmọ àwọn aládùúgbò lábẹ́ igi kan nínú ọgbà rẹ̀. Ẹní ni ilé ìkàwé náà, igi ni òrùlé rẹ̀. Àwọn ọmọ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi di 1992 kí wọ́n tó sọ àpótí irin ńlá kan, irú èyí tí à ń pè ní kọ̀ńténà, di ilé ìkàwé fún wọn ní Osu. Nígbà tí òun padà sí ilẹ̀ rẹ̀, àwọn ará Ghana ni ó di iṣẹ́ náà mú, ó sì ti bí ilé ìkàwé mìíràn. Ẹ kíyè sí i pé ìtàn ni ó kọ́kọ́ dé, ilé dé lẹ́yìn. Àwa a máa kọ́ ilé ná, a ó sì máa wá ẹni tí yóò wọ̀ ọ́.

A tún rí i pé ìsinmi gígùn ni ọ̀tá tí a kò kà sí. Ní 1978, Barbara Heyns tẹ ìwé kan jáde lórí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní Atlanta ní Amẹ́ríkà. Ó rí i pé àwọn ọmọ tí ó ka ìwé mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní àkókò ìsinmi a máa tẹ̀ síwájú ju àwọn tí kò kà lọ, lílọ sí ilé ìkàwé ìlú sì wà lára ohun tí ó ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Ìwé mẹ́fà! Ọmọ wa tí ó lọ dúró ti ìyá rẹ̀ lọ́jà, tàbí tí ó lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń la pákó, lè ka ìwé mẹ́fà láti oṣù August títí di ìgbà tí ilé ẹ̀kọ́ yóò wọlé, bí ó bá rí ibi tí yóò ti gbà á, tí ẹnìkan sì wà tí yóò bi í pé, “Ibo ni o kà dé?” Fóònù ń gba àkókò wọn, a mọ̀, ṣùgbọ́n kí a tó dá fóònù lẹ́bi, kí a kọ́kọ́ sọ ohun tí a gbé síwájú wọn tí wọ́n kọ̀.

Ẹnìkan lè sọ pé Àgọ́-Ìwòyè ti ní ilé ìkàwé ńlá nínú Yunifásítì. Bẹ́ẹ̀ ni, ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì sì ni. Ní Ìbàdàn pẹ̀lú, ní àdúgbò Abadina nínú Yunifásítì, ni àwọn òṣìṣẹ́ kékeré ń gbé pẹ̀lú ọmọ wọn; ilé ìkàwé ńlá kò jìnnà sí wọn, ṣùgbọ́n a kò kọ́ ọ nítorí ọmọdé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Felicia Adétòwun Ogunsheye, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Ìjẹ̀bú, tí òun fúnra rẹ̀ sì jẹ́ obìnrin àkọ́kọ́ tí ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Nàìjíríà, ni ó rí àlàfo náà. Ní àwọn ọdún 1970 ni ó dá ilé ìkàwé sílẹ̀ fún àwọn ọmọ Abadina. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni ó ṣe é fún ọmọ ẹlòmíràn. Kí ni ó dé tí a kò fi lè ṣe é fún ti wa? Bí akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì mẹ́wàá péré bá ya wákàtí méjì sọ́tọ̀ ní Sátidé fún àwọn ọmọ Àgọ́-Ìwòyè, a ti bẹ̀rẹ̀.

Ti Etí-Omi ni ó mú wa ronú jù. Ọmọ tí ń bẹ ní Màkún-Omi tàbí ní Òde-Omi kò lè wá sí Ìjẹ̀bú-Igbó wá yá ìwé kí ó sì padà sílé ní ọjọ́ kan náà. A rántí ilé iṣẹ́ bébà tí ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ sí Ìwòpin, tí ó yẹ kí ó máa ṣe bébà ìkọ̀wé àti bébà ìtẹ̀wé fún gbogbo Nàìjíríà. Iṣẹ́ náà kò dé ibi tí a fojú sí. Kò yẹ kí àgbègbè tí a yàn láti ṣe bébà fún orílẹ̀-èdè máa wá ìwé kà tì. Bí ọmọ kò bá lè dé ibi ìwé, ìwé ni ó gbọ́dọ̀ lọ bá a. Ní Garissa ní ilẹ̀ Kenya, láti 1996, ràkúnmí ni wọ́n fi ń gbé ìwé lọ bá àwọn ọmọ darandaran nínú aṣálẹ̀. Ní Norway, ọkọ̀ ojú omi kan tí ń jẹ́ Epos, tí wọ́n kàn ní 1963, kó ìwé kiri etíkun títí di 2020. Àwa kò bèèrè ọkọ̀ tuntun. Àwọn ọkọ̀ tí ń ná ọjà etí ọ̀sà ń lọ, wọ́n ń bọ̀. Àpótí onídérí kan tí omi kò lè wọ̀, ìwé 40 nínú rẹ̀, olùkọ́ kan ní ìletò kọ̀ọ̀kan tí yóò gbà á, kí a sì máa pààrọ̀ àpótí láti ìletò sí ìletò ní oṣooṣù: ètò náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Irú ìwé wo? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin ará wa ní òkè òkun, ẹ má ṣe bínú sí ohun tí a fẹ́ sọ. Nínú páálí tí a wí, a bá ìwé nípa yìnyín, a bá ìwé òfin owó orí ti ilẹ̀ òyìnbó, a sì bá ìwé títún ẹ̀rọ amúlégbóná ṣe. Ìwé Yorùbá kan ṣoṣo kò sí níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ láti 1938 ni D. O. Fágúnwà ti tẹ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde, J. F. Ọdúnjọ sì ti fi Aláwìíyé kọ́ àìmọye ọmọ. Àwọn kan rò pé ìwé Yorùbá yóò fa ọmọ sẹ́yìn. Ètò tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970 ti fi hàn pé àwọn ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́fà kò rẹ̀yìn. Wọ́n tilẹ̀ ta ẹgbẹ́ wọn yọ, títí kan inú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Kí Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀, kí Yorùbá sì wà níbẹ̀. Kí ìyá àgbà tí kò mọ ìwé rárá wá jókòó ní Sátidé kan nínú oṣù kí ó pa àlọ́ ìjàpá, kí àwọn ọmọ ńlá kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì kà á padà fún un.

Nítorí náà, ohun tí a ń bèèrè lọ́wọ́ ìpàdé yìí nìyí. Kí a ya yàrá kan sọ́tọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ní ibi tí ọmọ Òkè-Sopin, Òkè-Àgbò, Òjowò, Àtìkòrí àti Jápárà lè fi ẹsẹ̀ rìn dé. Ìlú tí ń la pákó fún gbogbo ayé kò gbọdọ̀ ṣaláìrí pákó kan àpótí ìwé. Òwe wa ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ; kí a jẹ́ kí pẹpẹ náà rẹlẹ̀. Kí a gba ẹnìkan tí ó fẹ́ràn ọmọ, kí a máa san owó oṣù fún un, nítorí iṣẹ́ tí a kò san owó rẹ̀ ni ó fi kọ́kọ́rọ́ sínú àpò ní ọjọ́sí. Kí ilẹ̀kùn máa ṣí ní ìrọ̀lẹ́ Wẹ́sidé àti ní òwúrọ̀ Sátidé, òjò ì báà rọ̀. Kí ọmọ máa mú ìwé lọ sílé. Bí ìwé bá sọnù, kí a kọ ọ́ sí ojú ìwé ìnáwó bí a ti ń kọ epo mọ́tò. Ìwé tí ó gbó lọ́wọ́ ọmọ ti ṣiṣẹ́ rẹ̀.

A mọ̀ pé owó gbọ̀ngàn ìlú ni ó wà nínú ìwé ètò ọdún yìí, a sì mọ̀ pé àwọn kan ti fi orúkọ ara wọn sí ọ̀kan nínú ilẹ̀kùn rẹ̀. A kò ní kí a pa á tì. Ohun tí a ní ni pé kí a yọ owó oṣù olùtọ́jú ilé ìkàwé kan àti owó àpótí mẹ́rin ti Etí-Omi kúrò lára rẹ̀ ná, kí gbọ̀ngàn pẹ́ díẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà lókè òkun, owó tí ẹ bá fẹ́ fi san owó ọkọ̀ páálí, ẹ fi ránṣẹ́ kí a fi ra ìwé nílé.

Ìwé ìforúkọsílẹ̀ wà lórí tábìlì akọ̀wé lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà. Ẹni tí ó bá lè ya Sátidé kan sọ́tọ̀ nínú oṣù láti kàwé fún àwọn ọmọ, kí ó kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀ kí ó tó jáde. Kọ́kọ́rọ́ yàrá àtijọ́ náà wà lọ́wọ́ wa báyìí. A ti bèèrè fún ẹ̀dà mẹ́ta.