Ẹ Sún Fóònù, Ẹ Yé Tẹ Ojú Rẹ̀: Bí A Ṣe Ń Fi Lẹ́ńsì Àhámọ́ Ya Ìlẹ̀kẹ̀ Kó Mọ́ Kedere

Ọ̀rọ̀ lẹ́ńsì kéékèèké tí à ń há mọ́ fóònù la fẹ́ sọ lónìí, owó sì wà nínú ọ̀rọ̀ náà fún ẹni tó bá ń tajà lórí ayélujára.

Arábìnrin kan tó ń ta iyùn lórí Instagram fi ohùn ránṣẹ́ sí wa. Ó ní: "Ẹ jọ̀ọ́, bọ̀ọ̀dá, mo ra lẹ́ńsì tí wọ́n kọ 10x sí lára. Gbogbo àwòrán tí mo fi yà, bàìbàì ni. Mo tẹ ojú fóònù títí, kò gbọ́. Oníbàárà mi kan wá ń bi mí pé ṣé kì í ṣe ike ni mò ń tà fún òun. Iyùn gidi ni, ẹ gbà mí."

Mo gbọ́ ọ, àbúrò mi. Ṣùgbọ́n oníbàárà yẹn ò ṣẹ̀ ọ́. Iyùn kì í ṣe ohun tí à ń rà láìwò. Ìyàwó ọ̀ṣìngín ń fi í ṣe ẹ̀ṣọ́, ọba ń fi í sọ́rùn, owó rẹ̀ kì í sì í ṣe owó ẹ̀pà. Iyùn pupa gidi, inú òkun ló ti wá. Àwọn ẹ̀dá kéékèèké ló ń kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀, bí ikán ṣe ń mọ ilé. Bí ẹ bá wò ó láti itòsí, ẹ máa rí àwọn ìlà tín-ín-rín tó tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ike kò ní irú ìlà bẹ́ẹ̀; èyí tó sábà máa ń ní ni ojú ibi kan ṣoṣo tí apá méjì ohun tí wọ́n fi dà á ti pàdé. Gíláàsì ní tirẹ̀ lè ní afẹ́fẹ́ róbótó-róbótó tó há sínú rẹ̀. Àwọn ìlà iyùn yìí ni ẹ̀rí tí oníbàárà rẹ ń wá. Bí àwòrán bá ti ṣe bàìbàì, iyùn àti ike di ọ̀kan náà lójú ẹni tó ń wò ó láti Ìbàdàn tàbí láti London.

Ó dáa. Kí ló dé tí títẹ ojú fóònù kò fi ṣiṣẹ́?

Ẹ rántí awò ìkàwé àwọn ìyá àgbà, èyí tí wọ́n ń tà láàárín ọkọ̀. Àlẹ̀mọ́ kékeré kan máa ń wà lójú rẹ̀: +1.50, +2.00, +2.50. Ìyá àgbà á gbé e wọ̀, á ka Bíbélì tàbí Kùránì, ṣùgbọ́n bí ẹ bá kí i láti ẹnu ọ̀nà, á yọ ọ́ kó tó mọ ẹni tó wọlé. Lẹ́ńsì tí à ń há mọ́ kámẹ́rà, ọmọ ìyá kan náà ni òun àti awò yẹn. Ó ń jẹ́ kí kámẹ́rà rí ohun tó wà nítòsí, ó sì ń gba ọ̀nà jíjìn lọ́wọ́ rẹ̀.

Nọ́ńbà ara rẹ̀ kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ẹ fi í pín 100, ohun tó bá jáde ni iye sẹ̀ǹtímítà tó yẹ kó wà láàárín ojú lẹ́ńsì náà àti ohun tí ẹ fẹ́ yà, nígbà tí kámẹ́rà fúnra rẹ̀ bá wà ní ipò tó fi ń wo òkèèrè. +1 jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 100. +2 jẹ́ 50. +4 jẹ́ 25. +10 jẹ́ 10. Ó tán.

Ti fóònù, "x" ni wọ́n máa ń kọ sí i. Àwọn tó ń ṣe awò tó ń mú nǹkan tóbi gbà pé sẹ̀ǹtímítà 25 ni ojú lásán ti ń wo nǹkan kékeré dáadáa, nítorí náà ẹ fi nọ́ńbà x yẹn pín 25. 10x jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2.5. 20x jẹ́ 1.25. Ìyẹn bí ẹni tó tẹ nọ́ńbà náà bá ṣòótọ́ o, nítorí àwọn kan ń to nọ́ńbà sára lẹ́ńsì bí ìgbà tí èèyàn ń to oyè sórí pátákó ìpolongo ìbò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Ká ní kámẹ́rà fóònù yín lè wo nǹkan láti òkèèrè réré títí dé sẹ̀ǹtímítà 10. Bí ẹ bá ti há 10x mọ́ ọn, gbogbo ìrìn yẹn á ká kò sáàárín sẹ̀ǹtímítà 2.5 sí 2. Ìdajì sẹ̀ǹtímítà péré ló kù fún un! Kò tó ìdajì ìbú èékánná àtàǹpàkò yín. Nígbà tí ẹ bá ń tẹ ojú fóònù, inú ìdajì sẹ̀ǹtímítà yẹn nìkan ló lè wá a dé. Bí ìlẹ̀kẹ̀ yín bá wà ní sẹ̀ǹtímítà 4, ẹ lè tẹ̀ ẹ́ di ọ̀la. Ọwọ́ tó gbé fóònù dání ló gbọ́dọ̀ rìn.

Nítorí náà, ẹ gbé lẹ́ńsì súnmọ́ ìlẹ̀kẹ̀ títí ó fi kù díẹ̀ kó kàn án. Kó ṣe bàìbàì, ẹ má dá a lóhùn. Ẹ wá máa fà á sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń fa òwú jáde lójú abẹ́rẹ́. Ó máa dé ibì kan tí àwọn ìlà yẹn á yọ lójijì. Ẹ dúró síbẹ̀. Lórí iPhone, ẹ fi ìka tẹ ìlẹ̀kẹ̀ náà mọ́lẹ̀ títí AE/AF LOCK á fi hàn, kó má baà tún máa wá ibòmíràn kiri.

Ọwọ́ máa ń gbọ̀n, a ò lè purọ́. Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni kí ẹ to ìwé jọ lórí tábìlì, kí ẹ gbé fóònù lé e, kí orí tí kámẹ́rà wà yọ síta bíi bàkọ́nì ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kó dojú kọ ilẹ̀. Ẹ fi nǹkan tó wúwo díẹ̀ tẹ ìdí fóònù mọ́lẹ̀ kó má baà ṣubú. Ìlẹ̀kẹ̀ á wà nísàlẹ̀, lórí ìdìpọ̀ ìwé funfun tí wọ́n fi ń ṣe fọ́tòkọ́pì. Bí ẹ bá fẹ́ kó súnmọ́ sí i, ẹ ki ewé ìwé díẹ̀ bọ abẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kó jìnnà, ẹ yọ díẹ̀. Ewé mẹ́wàá irú ìwé bẹ́ẹ̀ nípọn tó bíi mìlímítà 1. Ta ló tún ń wá irin olówó gọbọi? Ẹ wá lo taimà ìṣẹ́jú-àáyá 3, kí ìka tó tẹ bọ́tìnì má baà mi ilé.

Àwọn nǹkan kan wà tó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ tí èèyàn kì í fura sí. Páálí ẹ̀yìn fóònù jẹ́ ọ̀kan: ẹ bọ́ ọ, nítorí ó ń jẹ́ kí lẹ́ńsì jìnnà sí ojú kámẹ́rà, kó sì wọ́. Èkejì le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fóònù ìsinsìnyí ní kámẹ́rà méjì tàbí mẹ́ta lẹ́yìn. Ẹ ṣí kámẹ́rà sí 1x, kí ẹ fi ìka bo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan; èyí tó bá mú kí ojú fóònù ṣókùnkùn ni kí ẹ há lẹ́ńsì mọ́, láàárín gbùngbùn. Àwọn fóònù kan sì máa ń fúnra wọn yí padà sí kámẹ́rà míì bí ẹ bá ti súnmọ́ nǹkan. iPhone 13 Pro tó jáde ní 2021 ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láàárín àwọn iPhone: kámẹ́rà tó ń wo ibi gbòòrò ló máa gba iṣẹ́ náà, ó sì lè súnmọ́ nǹkan dé sẹ̀ǹtímítà 2. Bí ẹ bá há lẹ́ńsì mọ́ ti àkọ́kọ́, tí fóònù sì ti ń fi èkejì wò, asán ni gbogbo làálàá yín. Ẹ tẹ àmì òdòdó kékeré tó yọ lójú rẹ̀ kó dáwọ́ dúró. Ká tiẹ̀ sọ òótọ́, ẹni tó bá ní irú fóònù yẹn lè kọ́kọ́ gbìyànjú láìlo lẹ́ńsì kankan.

Ti ìmọ́lẹ̀ ò gba ariwo. Ní sẹ̀ǹtímítà 2.5, fóònù fúnra rẹ̀ ló ń ṣíji bo ìlẹ̀kẹ̀. Ẹ jókòó sẹ́bàá fèrèsé, kí ìmọ́lẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, kí ẹ gbé bébà funfun sí òdìkejì. Ẹ pa fíláàṣì.

Ìlẹ̀kẹ̀ rí róbótó, ibi tó máa mọ́ kedere kò sì nípọn rárá ní irú itòsí yìí. Bí iwájú bá mọ́, ẹ̀gbẹ́ á ṣe bàìbàì. Bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń rìn nìyẹn, kì í ṣe àléébù fóònù yín. Iyùn tó gùn, ẹ dá a dùbúlẹ̀ kó bá ẹ̀yìn fóònù dọ́gba, kí ẹ jẹ́ kí àwọn ìlà yẹn wà níbi tó mọ́. Èmi ò fẹ́ràn 20x fún ọjà títà. Lẹ́ńsì tí agbára rẹ̀ kéré, tí ẹ wá gé etí àwòrán kúrò tó bá yá, sàn jù ú lọ lójú tèmi.

Ẹ̀yin tí ẹ ní kámẹ́rà gidi, ẹ̀rọ yín lè ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ fóònù ò lè ṣe: ẹ pa ojú lẹ́ńsì dé f/8 tàbí f/11, ibi tó mọ́ á nípọn díẹ̀. Ẹ lè to +1 àti +2 léra kó di +3, kí èyí tó lágbára jù kan kámẹ́rà. Ṣùgbọ́n gíláàsì ẹyọ kan ṣoṣo kì í kó àwọn àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ jọ sójú kan náà, ìdí nìyẹn tí àwọ̀ àlùkò fi máa ń yọ létí nǹkan. Àwọn tí gíláàsì wọn ju ẹyọ kan lọ, bíi Canon 500D tó jẹ́ +2, 250D tó jẹ́ +4, tàbí Raynox DCR-250 tó jẹ́ +8, ń dín ìyẹn kù gan-an. Wọ́n wọ́n o, ṣùgbọ́n ẹ máa rí ìyàtọ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ àwọn àpù tó ń ṣèlérí pé àwọn á tún àwòrán bàìbàì ṣe. Àbúrò mi oníyùn, má fọwọ́ kàn wọ́n fún iṣẹ́ yìí. Ìlà tí kámẹ́rà kò rí, àpù ò lè rí i; ohun tó bá rò pé ó yẹ kó wà níbẹ̀ ló máa yà síbẹ̀, ó sì lè ya ìlà iyùn sára ike pàápàá. Ìlà yẹn gan-an ni oníbàárà rẹ ń sanwó lé lórí. Fi rúlà kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ náà nígbà tí o bá ń yà á, nítorí láti itòsí báyìí, ìlẹ̀kẹ̀ mìlímítà 6 lè tóbi bí àgbálùmọ̀ lójú fóònù ẹlòmíràn. Bí o bá ya tuntun, fi ránṣẹ́ sí wa ká rí i. Ó dìgbà kan ná o.