Àmáánà Ni Ojú: Ọ̀rọ̀ Lórí Àrùn Ìfọ́jú Etí Odò

Gbogbo ọpẹ́ ń bẹ fún Ọlọ́hun, Ọba tí Ó fi ojú jíǹkí ẹ̀dá. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí! Àwọn kan lára wa máa ń sọ pé, “Ara mi le, ojú mi ríran, kí ni mo fẹ́ fi oògùn ọdọọdún ṣe?” Àwọn mìíràn a ní kádàrá kò gbóògùn. Àwọn ni mo fẹ́ dá lóhùn lónìí.

Eṣinṣin dúdú kékeré tí ń pamọ sínú odò tí omi rẹ̀ ń sáré ni ó ń gbé àrùn ìfọ́jú etí odò kiri. Bí ó ti ń mu ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ni ó ń fi aràn sí i lára. Aràn tí ó bá dàgbà lè lo ọdún mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lábẹ́ awọ, a sì máa bí ọmọ tí kò lóǹkà. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ni wọ́n ń mú ara yún ni, àwọn náà ni wọ́n ń wọ inú ojú, tí ìríran fi ń lọ díẹ̀díẹ̀.

Ní 1981, oníṣègùn ọmọ Bangladesh kan, Mohammed Aziz, tí ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ apoògùn Merck, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dán ivermectin wò lára ènìyàn 32 ní Dakar, ní Senegal. Ìwọ̀n kékeré ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń bẹ́ awọ tín-ín-rín láti ka ọmọ aràn inú rẹ̀, wọ́n sì rí i pé ó dínkù. Ní 1985, ìwádìí lára ọkùnrin 30 ní Liberia fi hàn pé oògùn yìí rọrùn fún ara ju ti àtijọ́ lọ. Ní 1987, Merck kéde pé ọ̀fẹ́ ni àwọn yóò máa fi í tọrẹ. Ọdún náà ni Aziz kú, ṣùgbọ́n ìmọ̀ tí ó fi sílẹ̀ ń ṣe ẹ̀dá láǹfààní títí di òní.

Ní ilẹ̀ wa, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adenike Abiose àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí ní abúlé 34 ní Ìpínlẹ̀ Kaduna. Wọ́n fún apá kan ní ivermectin, wọ́n fún apá kejì ní hóró tí kò ní oògùn nínú. Ẹni tí ń yẹ ojú wò kò sì mọ èyí tí ẹnikẹ́ni lò, kí ìfẹ́-inú má baà ba ẹ̀rí jẹ́. Èsì tí ó jáde ní 1993 ni pé àrùn tuntun lára iṣan tí ń gbé ìríran lọ sí ọpọlọ dínkù láàárín àwọn tí ń lo ivermectin lọ́dọọdún.

Ẹ gbọ́ ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Kì í dá ojú tí ó ti fọ́ padà. Ọmọ aràn ni ó ń pa. Ìyá wọn kì í kú, yóò kàn dẹ́kun ọmọ bíbí fún ìgbà díẹ̀ ni. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí ara rẹ̀ le fi gbọ́dọ̀ máa lò ó lọ́dọọdún, títí ìyá aràn yóò fi gbó kú. Bí ara bá yún tàbí tí ó wú díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ikú àwọn ọmọ aràn ni ó sábà ń fà á, kì í ṣe májèlé. Ṣùgbọ́n aboyún, ọmọ tí kò tí ì pé ọdún márùn-ún, ìyá tí kò tí ì pé ọ̀sẹ̀ kan tí ó bímọ àti ẹni tí àìsàn dá dùbúlẹ̀ kò ní lò ó.

Ẹ̀yin ará mi, Ànábì wa pa á láṣẹ pé kí á wá ìwòsàn. Ẹni tí ebi ń pa kì í tìtorí kádàrá kọ òkèlè. Sábàbí ni oògùn, Ọlọ́hun ni Oníwòsàn. Àmáánà ni ojú, a ó sì jíhìn rẹ̀.

Nítorí náà, níbikíbi tí wọ́n bá ti ń pín oògùn yìí, ẹ bá wọn ka ilé, ẹ bá wọn di ọ̀pá tí a fi ń wọn gíga ènìyàn mú, nítorí gíga ni a fi ń mọ iye hóró tí yóò lò. Kí ẹ sì kọ́kọ́ gbé tiyín mì lójú àwọn òbí yín.

Kí Ọlọ́hun dá ojú wa sí, kí Ó má jẹ̀ẹ́ kí á fi ọwọ́ ara wa ṣe ara wa. Àmín. Wasalaamu alaekun.