Ta Ni Ó Ń Jẹ Èrè Owó Àfilélẹ̀ Yunifásítì?



Owó àfilélẹ̀ ni owó tí a fi sílẹ̀ títí láé fún yunifásítì, tí ó jẹ́ pé èrè rẹ̀ ni a ń ná. Ilẹ̀ ẹbí ni ó jọ. Ìjà ilẹ̀ ẹbí kì í sì í sábà jẹ́ lórí bí ilẹ̀ ti tóbi tó, bí kò ṣe lórí ẹni tí a kà sí ọmọ ilé.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà. Ní 1876, òfin ìpínlẹ̀ náà ya éékà ilẹ̀ mílíọ̀nù kan sọ́tọ̀ fún yunifásítì. Wọ́n fi mílíọ̀nù kan kún un ní 1883. Ilẹ̀ gbígbẹ tí kò níye lórí ni, títí epo fi tú jáde ní kànga Santa Rita ní 1923. Láti 1931 ni Yunifásítì Texas ti ń mú ìdá méjì nínú mẹ́ta èrè rẹ̀, tí Texas A&M sì ń mú ìdá kan.

Ta wá ni ọmọ ilé? Òfin 1876 yìí kan náà ṣe ìlérí ẹ̀ka yunifásítì fún àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú. Síbẹ̀, ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ni ó ṣílẹ̀kùn ẹ̀kọ́ òfin ní Austin fún Heman Sweatt ní 1950. Prairie View, ilé-ẹ̀kọ́ aláwọ̀ dúdú tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1876, kò bá Austin àti Texas A&M wọ ìwé àwọn tí èrè náà ń tọ́jú àfi ní 1984.

Èmi kò sọ pé owó náà kò ṣoore. Ní 1930, òfin gba àwọn ìjọba ìbílẹ̀ láàyè láti gba owó orí lórí ilẹ̀ náà. Ní 2019, àwọn alákòóso ya mílíọ̀nù 160 dọ́là sọ́tọ̀ nínú owó náà. Ní 2020 ni akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Texas ní Austin, tí owó ọdọọdún ilé rẹ̀ kò ju 65,000 dọ́là lọ, bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lọ́wọ́ owó ilé-ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí epo ti tú jáde, ó gba ọdún 96 kí a tó ṣe ìpinnu yìí. Epo kọ́ ni ó ṣe é. Ìpinnu ènìyàn ni.

Àwọn yunifásítì tiwa náà ń wá owó àfilélẹ̀. Kí a tó ka owó, ẹ jẹ́ kí a kọ orúkọ ọmọ tálákà àti ti ìlú tí ó fi ilẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ sínú òfin rẹ̀. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.