Ìgbọ̀nwọ́ Tí Ń Dunni



Ọkùnrin kan wà ní àdúgbò wa ní Ṣàngó-Ọ̀tà. Iṣẹ́ owó ojoojúmọ́ ni ó ń ṣe ní ilé-iṣẹ́ kan lójú ọ̀nà Ìdírókò. Sípánà ni ó ń yí láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ kan mo bu tíì fún un, kò lè gbé ife náà. Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè: ó ti fi rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ de orí egungun ìgbọ̀nwọ́ gan-an, ó le débi pé àwọn ìka rẹ̀ ti wú. Ó ní, “Tíṣà, bí mi ò bá lọ lọ́la, ẹlòmíràn ni wọn yóò mú.”

Àwọn òyìnbó fi orúkọ eré tẹníìsì pe àrùn yìí, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn tí ó ń mú kò fọwọ́ kan eré náà rí. Káfíńtà ni, búríkìlà ni, alápatà ni, àti obìnrin tí ń fún aṣọ tí ń ro àmàlà.

Ẹ na ọwọ́ ọ̀tún síwájú báyìí, kí àtẹ́lẹwọ́ kọjú sí ilẹ̀. Ẹ ká ọrùn ọwọ́ sókè. Ẹ fi ọwọ́ òsì kan òkè apá náà, nísàlẹ̀ ìgbọ̀nwọ́ díẹ̀. Ṣé ẹ rí ẹran tí ó ń le? Iṣan tí ó so ẹran yìí mọ́ egungun ni ó ń dùn. Orí ẹran yẹn ni a ń de bẹ́líìtì apá sí, ní ìwọ̀n ìka méjì sísàlẹ̀ ibi tí ó ń dunni, kí fífà rẹ̀ má baà dé egungun tán. Bí ìka bá ń kú tàbí tí ó ń ta, ó ti le jù. Ẹ tú u bí ẹ bá fẹ́ sùn.

Kì í ṣe oògùn o. Ó kàn ń mú iṣẹ́ rọrùn títí iṣan yóò fi san, èyí sì lè gba oṣù púpọ̀. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ sókè nígbà tí ẹ bá ń gbé ẹrù. Abẹ́rẹ́ kọ́tísóònù tí àwọn kan ń sáré lọ gbà, kíá ni ó ń pa ìrora. Ṣùgbọ́n ìwádìí fi hàn pé lẹ́yìn ọdún kan, ara ẹni tí kò gbà á ń yá ju tiwọn lọ.

Aládùúgbò mi ti sún ìdè rẹ̀ wálẹ̀, ó sì ti ra bẹ́líìtì gidi. Ó bá fọ́mánì sọ̀rọ̀. Ní ọ̀sán, ìdí páálí ni wọ́n ń fi í sí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó gbé ife tíì, ṣùgbọ́n ó fi ọwọ́ òsì gbá a nídìí.