Ọ̀rọ̀ Alága: Ilé Tí A Kọ́ àti Ọmọ Tí A Kò Kọ́

Ọ̀rọ̀ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní àwọn abúlé wa ni mo fẹ́ sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi létí.

Nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní January 1955, ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn kúrò ní bíi 457,000, ó di bíi 811,000 láàárín ọdún kan. Àwọn bàbá wa kò káwọ́ gbera. Wọ́n po amọ̀, wọ́n mọ yàrá.

Inú irú yàrá bẹ́ẹ̀ ni èmi náà jókòó sí. Ẹ̀yin àgbà rántí àṣẹ ìjọba Busia ní oṣù kọkànlá 1969, tó fún àwa àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kúrò ní Gánà. Àwọn òbí mi di ẹrù padà sí abúlé kan lẹ́bàá Ògbómọ̀ṣọ́, ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Yàrá mẹ́ta ni ilé-ìwé wa ní, kíláàsì mẹ́fà ló ń lò ó. Òkúta ni mo fi ṣe àga. Bí òjò bá ṣú, a ti ń sáré lọ sílé nìyẹn. Kíláàsì kẹrin ni mo ti fi í sílẹ̀. Ìdí àtẹ ní Mákólà ni mo ti wá fi ìwé ìròyìn kọ́ ara mi ní kíkà.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, mo lọ sílé. Yàrá mẹ́ta náà ló ṣì wà níbẹ̀. Ìjì ti ṣí páànù ọ̀kan. Nínú èyí tó kù, mo ka orí ọmọ 71, kíláàsì méjì kọ ẹ̀yìn síra wọn. Ìlànà Nàìjíríà sì ni pé kí ọmọ má ju 35 lọ lọ́wọ́ olùkọ́ kan. Kò sí ṣáláńgá. Inú igbó ni wọ́n ń lọ, àwọn ọmọbìnrin tó ti ń bàlágà kì í fẹ́ wá mọ́.

Ojú tì mí. Ilé tí mo kọ́ sí abúlé yẹn, yàrá mẹ́jọ ni, aláǹgbá ló ń gbé e. Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

Ẹlòmíràn á ní iṣẹ́ ìjọba ni. Òótọ́ ni. Òfin 2004 ya owó sọ́tọ̀ láti Àbújá fún un, àmọ́ ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú ìpín tirẹ̀ wá. Gánà náà rí irú rẹ̀: nígbà tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í san owó orí ọmọ kọ̀ọ̀kan fún àwọn ilé-ìwé ní 2005, ọmọ ya wọlé ju àyè lọ. Ká kọ̀wé sí ìjọba, ká máa bá wọn fà á, àmọ́ ọmọ ọdún mẹ́fà kò lè dúró dè wá.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyí. Ẹ jẹ́ ká fi aṣọ ẹgbẹ́ ọdún yìí sílẹ̀, ká fi owó rẹ̀ ra páànù, igi, ìṣó àti bẹ́ńṣì. Kí a má fi owó lé ẹnì kan ṣoṣo lọ́wọ́. Kí ènìyàn mẹ́ta lọ rà á, kí wọ́n sì mú rìsíìtì wá. Àwọn ará ilé á gbé iyanrìn àti omi, wọ́n á gbẹ́ ṣáláńgá. Bí a bá parí ti abúlé yìí, kí a bọ́ sí ti ẹlòmíràn nínú wa. Ká sì béèrè fún olùkọ́ kí a tó gbé páànù sókè, nítorí yàrá tí kò ní olùkọ́, àká lásán ni.

Ní tèmi, mo ti fi kọ́kọ́rọ́ ilé mi ránṣẹ́. Títí a ó fi kan páànù, pálọ̀ mi ni kíláàsì kìn-ín-ní yóò máa lò.

Kí Olódùmarè má jẹ́ kí iṣẹ́ wa ní àjò já sí asán.