Ẹ̀rọ tí Ó Ń Mọ Àwòrán, àti Odó Ilé Wa
Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú Ẹgbẹ́ ní Ìkòtún

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá dà bí eré ọmọdé, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ tẹ́tí sí i.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2016 ni ilé-iṣẹ́ Google gbé eré kan jáde tí wọ́n pè ní Quick, Draw! Kọ̀ǹpútà yóò dárúkọ ohun kan, bí àga, ẹni tí ń ṣeré yóò sì yà á láàárín ìṣẹ́jú àáyá 20. Bí ọwọ́ ti ń lọ ni ẹ̀rọ náà ń sọ ohun tí ó rò pé a ń yà. Kò sí ẹni tí ó kọ́ ọ pé àga ní ẹsẹ̀ mẹ́rin. Lára àwòrán tí àwọn ènìyàn ti yà ṣáájú ni ó ti kọ́gbọ́n. Ìlà wo ni ó ṣáájú, èwo ni ó tẹ̀lé e, gbogbo rẹ̀ ni ó ń ṣírò. Ní ọdún 2017 wọ́n kó àwòrán tí ó lé ní mílíọ̀nù 50 sílẹ̀ fún gbogbo ayé, irú ohun 345.

Ọgbọ́n yìí kò ṣàjèjì sí wa pátápátá. Àwọn ìyá wa tí ń fi ìyẹ́ àti ẹ̀kọ ya àdìrẹ, wọ́n ya òpó Gbọ̀ngàn Mápó sára aṣọ Ìbàdàndùn. Ẹni tí ó bá mọ Mápó yóò mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Ìlà lásán ni lójú àjèjì.

Mo ka orúkọ ohun 345 náà láti òkè dé ilẹ̀. Mo bá ère yìnyín níbẹ̀, mo bá Ògiri Ńlá ilẹ̀ Ṣáínà. N kò rí odó, n kò rí iṣu. Ìgbálẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí ó ní ọ̀pá gígùn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn yà. Bí ọmọ Ìgàndò bá ya ìgbálẹ̀ ọ̀pẹ tí a fi okùn dì, ẹ̀rọ lè pè é ní ohun mìíràn. Google fúnra wọn fi bàtà ṣàpẹẹrẹ irú àléébù yìí: nígbà tí ọ̀pọ̀ ya bàtà eré ìdárayá, ẹ̀rọ kò dá bàtà onígìgísẹ̀ gíga mọ̀.

Àwọn kan yóò wí pé eré ṣáá ni. N kò gbà. Èmi tí mo ń kọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́, mo mọ ohun tí ọmọdé ń ṣe bí a bá wí fún un pé ohun tí ó yà kì í ṣe ohun tí ó yà. Yóò pa ti ilé rẹ̀ rẹ́, yóò sì ya ti inú ìwé.

Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ Ẹgbẹ́ yìí pé kí a yan 50 ohun inú ilé: odó àti ọmọ odó, ọlọ, igbá, ọpọ́n ayò, gángan àti irú wọn, kí àwọn ọmọ ilé-ìwé wa sì yà wọ́n. Kí a kọ orúkọ ohun kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀. Kí orúkọ ọmọ má ṣe hàn. Fóònù dára ju tákàdá lọ fún iṣẹ́ yìí, nítorí ó ń pa bí ìlà ti tẹ̀lé ara wọn mọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi yóò ṣe é. Ẹ̀yin olóyè ni mo ń wojú fún fóònù mẹ́wàá tí wọn yóò lò.