Yanrìn Gẹ́gẹ́ Bí Ilé: Ìpèsè Yanrìn fún Àpótí Ẹja Òkun



Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kéré lójú: bí a bá fẹ́ sin ẹja òkun nínú àpótí onígíláàsì, báwo ni a ṣe ń pèsè yanrìn tí a ó tẹ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀? Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọ̀ṣọ́ lásán ni yanrìn náà. Èrò tèmi ni pé ilé ni, àti pé àwọn tí ń gbé inú ilé náà ni ó ń dá ẹ̀mí ẹja sí.

Ta ni àwọn ará ilé yìí? Ẹ̀gbin tí ń jáde lára ẹja àti oúnjẹ tí ó ṣẹ́kù máa ń di amóníà nínú omi, májèlé gidi sì ni amóníà jẹ́ fún ẹja. Òkun fẹ̀, ó lè gbé e mì. Àpótí kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1890 ni Sergei Winogradsky, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Rọ́ṣíà, fi hàn pé àwọn ẹ̀dá kan wà tí ojú lásán kò lè rí, tí wọ́n ń sọ amóníà di nitrite, tí àwọn mìíràn sì ń sọ nitrite di nitrate. Májèlé ni nitrite náà, ṣùgbọ́n nitrate kò le tó bẹ́ẹ̀. Ara nǹkan ni àwọn ẹ̀dá wọ̀nyí máa ń lẹ̀ mọ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún hóró yanrìn sì jẹ́ àyè púpọ̀ fún wọn.

Ẹ jẹ́ kí a wá yẹ irú yanrìn wò. Yanrìn etí òkun wa ní Èkó, òkúta quartz ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Epo àti ìdọ̀tí ìlú sì lè ti bá a. Èyí tí ọ̀pọ̀ àwọn tí ń sin ẹja òkun yàn láàyò ni èyí tí ó wá láti ara iyùn àti ìkarahun tí ó rún. Ní àwọn erékùṣù Maldives, ẹja kan wà tí ń fi eyín họ iyùn, tí ó sì ń yà á ní yanrìn funfun. Bí omi bá fẹ́ kan, irú yanrìn yìí a máa yọ́ díẹ̀díẹ̀, a sì dín kíkan náà kù. Bí a bá fẹ́ dá a mọ̀, kí a bu díẹ̀ sọ́tọ̀, kí a kán fínígà sí i: bí ó bá hó, òun ni.

Fífọ̀ ni ó kàn. Kí a bu yanrìn gbígbẹ sínú garawa díẹ̀díẹ̀, kí a da omi sí i, kí a fi ọwọ́ rò ó, kí a sì máa da omi tí ó funfun bí omi ògì náà nù, títí tí omi yóò fi mọ́ gaara. A kò gbọdọ̀ fi ọṣẹ kàn án. Ṣùgbọ́n yanrìn kan wà tí wọ́n ń tà ní tútù pẹ̀lú àwọn ẹ̀dá alààyè nínú rẹ̀. Èyí ni a kì í fọ̀, nítorí omi ẹ̀rọ yóò pa ohun tí a torí rẹ̀ rà á.

Àpáta ni a kọ́kọ́ ń gbé kalẹ̀, kí ó fi ìdí ti gíláàsì ìsàlẹ̀, nítorí àwọn ẹja kan a máa walẹ̀, àpáta tí ó bá jókòó lórí yanrìn sì lè wó. Kí a wá tẹ́ yanrìn yí i ká, kí ó ga tó sẹ̀ǹtímítà 3 sí 5. Bí ó bá jìn jù, afẹ́fẹ́ kì í dé ìsàlẹ̀. Gáàsì tí ń rùn bí ẹyin tí ó bàjẹ́ lè kó jọ síbẹ̀, ẹni tí ó bá sì rò ó lójijì lè fi pa ẹja. Lẹ́yìn náà, kí a gbé àwo lé yanrìn lórí, kí a rọra da omi oníyọ̀ sórí àwo náà, kí yanrìn má baà rú.

Ìdúró ni ó ṣòro jù. Ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 ni ó sábà máa ń gbà kí àwọn ará ilé tó pọ̀ tó. Ní àkókò yìí, a ó máa ju oúnjẹ ẹja díẹ̀ sí i kí wọ́n lè rí amóníà lò, a ó sì máa yẹ omi wò títí a kò fi ní rí amóníà tàbí nitrite nínú rẹ̀ mọ́. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí kò dúró nígbà àkọ́kọ́. Omi mọ́ lójú mi ní ọjọ́ kẹta, mo kó ẹja mẹ́ta sí i. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, mo kó òkú wọn jáde. Omi tí ó mọ́ ni mo rí, n kò mọ̀ pé ilé ṣì ṣófo.

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ sin ẹja òkun ní ilé tàbí ní ilé-ẹ̀kọ́, kí ó tọ́jú àwọn tí kò fi ojú rí kí ó tó lọ ra àwọn tí ó ń rí.